Ta Ni Yóò Bá Àpọ́n Wá Aya?

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà òtútù tí ó kọjá, lẹ́yìn tí a ti sálámà tí àwọn èèyàn ti ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìjọ wa sún mọ́ wa. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí a ti rí i kẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í fi ìrun ṣeré. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ nílé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun o, Àlùfáà. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ti fi mí ṣe fíìmù?" A ní, "Fíìmù kẹ̀?" Ó ní, "Ẹ wo Rye Lane, sà. Èmi gan-an ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a dé ilé ni a tó rántí pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni Yorùbá ń fi í rín.

A wo fíìmù náà. A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ béèrè ohun tí Lèmọ́ọ̀mù ń wá nídìí fíìmù ìfẹ́. Ìyàwó wa náà béèrè, kí òun fúnra rẹ̀ tó jókòó tì wá títí tí ó fi parí. Èsì wa ni pé bí ọmọ bá na ìka sí ibi tí ó ti ń dùn ún, ó yẹ kí bàbá wo ibẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Rye Lane jáde ní àwọn ilé sinimá ilẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn ní oṣù Kìíní ọdún náà ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà. Raine Allen-Miller ni ó darí rẹ̀; Nathan Bryon àti Tom Melia ni wọ́n kọ ọ́. Òpópónà tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ni Rye Lane wa yìí gan-an, níbi tí a ti ń ra iṣu, ata rodo àti ẹran halálì. Òṣèré David Jonsson ni ó ṣe Dom, oníṣirò owó kan tí obìnrin tí wọ́n ti jọ wà fún ọdún mẹ́fà já sílẹ̀, tí ó sì lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Dom ti padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Níbi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi ìpàtẹ àwòrán kan ni ó jókòó sí tí ó ń sunkún, tí ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ rí, Yas, tí Vivian Oparah ṣe, fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti Peckham títí dé Brixton. Nǹkan a máa dàrú lójú ẹni bí àlá: ògiri á tẹ̀, àwọ̀ á máa tàn kọjá bó ṣe yẹ, ìtàn tí ẹnìkan ń sọ á di eré tí òun fúnra rẹ̀ jókòó tí ó ń wò. Kódà Colin Firth, òyìnbó òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó ń ta oúnjẹ fún wọn bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn láyé.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fọwọ́ sí, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ wò ó nítorí ọ̀rọ̀ wa. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ wà fún ọdún mẹ́fà láìsí yìgì, ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ náà. Ohun tí ó mú wa lọ́kàn ni pé a kò rí àgbàlagbà kan nínú fíìmù náà tí ó pe Dom sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó wí fún un pé, "Ọmọ mi, mo rí ọ, jẹ́ kí a bá ọ wá ọ̀nà." Nígbà tí ó fi ìtìjú lọ jókòó síwájú obìnrin tí ó já a sílẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tí ó gbà á, àlejò tí ó bá pàdé ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó wọlé wá dúró tì í. Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àlùfáà, kò sí ìkankan níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù kò rò pé ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin wa rí i, ó sì mọ ilé ara rẹ̀.

Peckham kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi àpọ́n dẹ́rìn-ín pa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1981 ni BBC bẹ̀rẹ̀ Only Fools and Horses tí John Sullivan kọ, lórí Del àti àbúrò rẹ̀ Rodney, tí wọ́n ń gbé nínú ilé alájà gíga tí wọ́n pè ní Nelson Mandela House, ní Peckham yìí. (Peckham inú eré ni o, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń rí níbẹ̀ ní àwọn ọdún ìkẹyìn, Bristol ni wọ́n ti yà á.) Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nínú ohun tí ń pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín ni pé Del kò rí obìnrin bá a dúró. Nígbà Kérésìmesì ọdún 1988, wọ́n jẹ́ kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà so ọkùnrin mọ́ obìnrin. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Raquel, ṣùgbọ́n kí ó tó pàdé rẹ̀ ó ti parọ́: ó ní ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ni òun. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn ọmọ wa ń kọ sórí fóònù lónìí? Ètò Muzz tí àwọn Mùsùlùmí fi ń wá ọkọ àti aya, London níbí ni Shahzad Younas ti dá a sílẹ̀. A kò bá a jà. A ti so yìgì fún àwọn tí wọ́n pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó dá nìkan lọ ta ara rẹ̀ lọ́jà, tí kò sí ẹlẹ́rìí kan lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò sọ pé "a mọ̀ ọ́n, ọmọlúàbí ni", tí ó sì mọ̀ pé wọn yóò fi ìka kan ju òun nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún gíga rẹ̀, á fi kún owó oṣù rẹ̀, á sì sọ pé ìwé ìgbélùú òun ti pé.

Bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyẹn. Alárinà ni ó ń wádìí ilé fún ilé, tí ó ń sọ ìwà ọmọkùnrin fún àwọn òbí ọmọbìnrin, tí ojú sì máa ń tì bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti aya bá ti mojú ara wọn, alárinà a yẹ̀bá. Ní ìlú tí a wà yìí, alárinà ti yẹ̀bá kí ọkọ àti aya tó ríra rárá. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó lọ ni ẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ náà pọ̀ láàárín wa. Bí a bá ń pín oúnjẹ ìṣínu nínú Ramadan, tí arákùnrin kan tí kò ní aya bá na àwo rẹ̀, ẹnìkan á ní, "Ẹ bu ọbẹ̀ àpọ̀n fún àpọ́n." A kò ní parọ́, ó dùn lẹ́nu, ọbẹ̀ tí ń yọ̀ àti ọkùnrin tí kò láya fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ kan náà, ohùn lásán ni ó yà wọ́n. Níbi ìsọmọlórúkọ, wọn á ní, "Tìrẹ ńkọ́? Àbí o fẹ́ kí ìrùngbọ̀n rẹ funfun ná?" Kò sí ẹni tí ó ní ibi lọ́kàn. Kò sì sí ẹni tí ó tẹ̀lé ẹ̀fẹ̀ náà pẹ̀lú orúkọ ìdílé kan tàbí nọ́ńbà fóònù kan.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ni a ṣe èyí tí ó burú jù. Níbi yìgì kan ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, máìkì wà lọ́wọ́ wa, inú àwọn èèyàn ń dùn, a sì fẹ́ kí ó túbọ̀ dùn. A pe ọ̀dọ́kùnrin yìí lórúkọ. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Alùkùráánì ní ilé-kéwú wa ní òpin ọ̀sẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ọkọ ìyàwó ọjọ́ náà sì wà lára àwọn tí ó ti kọ́ ní lẹ́tà rí. A ní kí gbogbo ìjókòó bá wa wo olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè, ó jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wíwá rẹ̀ sí mọ́sáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, títí tí a kò fi rí i mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yí padà. A gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń ka ẹsẹ̀ 11 nínú Súrà Al-Hujurāt fún àwọn èèyàn, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún ìjọ kan láti fi ìjọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, a kò rántí rẹ̀ nígbà tí máìkì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa àpọ́n, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú Súrà An-Nūr, ẹsẹ̀ 32, àṣẹ kan wà lórí àwọn tí kò ní ọkọ tàbí aya. Ẹni tí ó bá mọ èdè Lárúbáwá díẹ̀ yóò rí i pé ankiḥū ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe inkiḥū. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju àmì kan lọ, bíi ti àpọ́n àti àpọ̀n, ṣùgbọ́n ó yí ẹni tí a ń bá wí padà. Inkiḥū ni "ẹ ṣe ìgbéyàwó". Ankiḥū ni "ẹ mú kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó". Kì í ṣe àpọ́n ni Ọlọ́hun ń bá wí níbẹ̀. Ẹ̀yin ni, àwa ni: àwọn òbí, àwọn alámòójútó, ìjọ. Al-ayāmā tí ó sì tẹ̀lé e kó gbogbo wọn pọ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tí kò ṣe ìgbéyàwó rí àti ẹni tí ó ti ṣe é tí ó tú ká. Ọlọ́hun sì dáhùn àwáwí tí Ó mọ̀ pé a óò wí, pé bí wọ́n bá jẹ́ aláìní, Òun yóò rọ̀ wọ́n lọ́rọ̀ láti inú ọlá Rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ 33, ni Ó tó wá kọjú sí ẹni tí kò rí ọ̀nà ìgbéyàwó pé kí ó pa ara rẹ̀ mọ́. Wáásì mélòó ni a ti gbọ́ lórí ẹsẹ̀ 33 ní London yìí? Àwa nìkan ti ṣe tó ogún. Ẹsẹ̀ 32, tí ẹrù rẹ̀ wà lórí wa, ni a máa ń kà kọjá kíákíá.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò kà á kọjá. Rabīʻah ọmọ Kaʻb, láti inú ẹ̀yà Aslam, jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin aláìní tí ń ṣe ìránṣẹ́ fún un, tí ń sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nínú ìtàn tí Imām Ahmad gbà wá, Ànábì bi í pé ṣé kò ní gbéyàwó. Ó ní rárá, òun kò ní ohun tí òun yóò fi gbọ́ bùkátà aya. Ànábì dákẹ́, ó tún bi í ní ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí Rabīʻah gbà tán, Ànábì kò sọ fún un pé kí ó lọ wá. Ó dárúkọ ilé kan láàárín àwọn Ansọ̄r fún un, ó ní kí ó lọ sọ fún wọn pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó rán òun wá fẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, wọn kò bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú ìbànújẹ́: kò ní sọ̀daàkí. Ànábì pe Buraydah, aṣáájú ẹ̀yà Aslam, pé kí wọ́n kó wúrà tí ó wọn kóró dàbínù kan jọ fún un. Wọ́n kó o jọ, ó gbé e lọ, àwọn àna ní ó pọ̀, ó dára. Ó tún padà dé pẹ̀lú ìbànújẹ́: kò ní ohun tí yóò fi ṣe sàráà ìgbéyàwó. Buraydah tún kó owó àgbò jọ. Ànábì rán an sí Nánà Àíṣà fún agbọ̀n ọkà bálì, Nánà sì gbé e fún un, ó ní kò sí oúnjẹ mìíràn nínú ilé mọ́. Ẹ ka iye ìgbà tí ọkùnrin yìí padà wá, ẹ sì wò ó bóyá ẹnìkan fi í ṣe ẹlẹ́yà níbìkan.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní ni wọ́n ń ṣàṣejù, pé wọ́n ń wá arẹwà inú fóònù, pé a bá wọn sọ̀rọ̀ ẹnìkan wọ́n kọ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀. A mọ ẹni tí ó kọ ọmọ gidi nítorí pé kò ga tó. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ohun kan wà tí apá wa kò ká: ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ yìí gbé iye tí ẹni tí ó fẹ́ mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wọlé láti òkè òkun gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún kúrò ní £18,600 lọ sí £29,000, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó tàbí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni ìyẹn sì ti ti ìlẹ̀kùn mọ́. Bàbá tí ń bẹ̀rù pé ìwé ìgbélùú ni ọkùnrin ń wá, kì í ṣe ọmọ òun, a kò lè sọ pé kò ní ìdí. A ti bá irú ẹkún bẹ́ẹ̀ pàdé rí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a gba gbọ̀ngàn tí owó rẹ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́fà lọ? Ta ni ó ń yan aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta? Ta ni ó ń bi Mùsùlùmí tí ń kírun pé ọmọ ìlú wo ni, tí ó sì gbọ́ "Ìlọrin" tàbí "Ìjẹ̀bú" tí ó fajú ro? Home Office kọ́ ni ó ṣe ìwọ̀nyí. A gba ọkọ ìyàwó ní ìmọ̀ràn pé kí ó forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí pé yìgì nìkan kò sọ wọ́n di tọkọtaya lójú òfin ilẹ̀ yìí. Ìyẹn ṣe pàtàkì, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí tí ń gbé owó mì ni èyí tí Ọlọ́hun kò bèèrè fún.

Ọkùnrin ni a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò tilẹ̀ rí ẹ̀rín gbà láàárín wa. Àdúrà ni à ń ṣe lé e lórí níwájú gbogbo èèyàn, bí ẹni ń ṣàdúrà fún aláìsàn, tí yóò sì máa ṣe àmín sí i.

Lẹ́yìn tí a wo fíìmù náà, a lọ sí ilé ọ̀dọ́kùnrin yìí. Yàrá kan ni, ní ẹ̀gbẹ́ Queens Road, ó mọ́ tónítóní. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa lójú ọ̀nà ni ìtàn Julaybīb, sàábé tí kò lẹ́bí tí kò lẹ́wà, tí Ànábì fúnra rẹ̀ lọ tọrọ ìyàwó fún. Nínú Hàdíìsì tí Muslim gbà wá, lẹ́yìn ogun kan, Ànábì bi àwọn sàábé pé ta ni wọ́n ń wá tí wọn kò rí. Wọ́n dárúkọ lágbájá àti làkásègbè. Ó ní Julaybīb ni òun ń wá. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ yìí fi kúrò nínú sàfù wa, a kò wá a. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan níbẹ̀, sà," ó sì gbé tíì wá.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ìwé kan yóò wà lọ́wọ́ Ìyá Àdínnì, èkejì yóò wà lọ́wọ́ Bàbá Àdínnì. A kò ní ka orúkọ kankan jáde. Àwọn méjèèjì ni wọn yóò máa wádìí ilé fún ilé bí alárinà ti ń ṣe. Ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ mọ́sáláṣí jẹ́ ọ̀fẹ́ fún sàráà ìgbéyàwó, kí a sì máa yá ẹni tí kò ní sọ̀daàkí lówó láìsí èlé. A ti ní àwọn mẹ́ta tí wọn yóò fi owó sí i, a ń wá ẹ̀kẹrin. Ọ̀dọ́kùnrin wa ni ó kọ orúkọ rẹ̀ ṣìkíní sínú ìwé Bàbá Àdínnì. Ẹni tí ó bá mọ ilé tí ó yẹ kí a bá sọ̀rọ̀, kí ó rí Ìyá Àdínnì lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ Sátidé. Máìkì kò ní sí níbẹ̀.